Ilẹ̀kùn Tó Ń Mí

Nígbà tí dókítà ojú sọ fún Ìyá Aránṣọ pé ìríran ojú rẹ̀ ń pa dé láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa okùn ẹnu àpò, kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. Ó ní, "Dókítà, ṣé àárín náà máa kù?"

Dókítà bojú wolẹ̀. Ó ní ó máa kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìyá má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́. Oògùn kíkán lè fà á sẹ́yìn, kò lè dá a dúró. "Ohun tí ẹ bá fẹ́ rí, màmá, ẹ tètè rí i."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú un lọ síbẹ̀. Òun ló sunkún nínú mọ́tò títí wọ́n fi délé. Bí wọ́n ṣe wọlé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àga gígùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ rí? Ṣé òkun ni? Ṣé kí n mú yín wọ bàálù lọ wo àwọn ọmọ-ọmọ yín? Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ ṣá sọ ọ́."

Ìyá Aránṣọ rò ó. Kì í ṣe èèyàn tó máa ń la ẹnu kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ti rí wọn láìpẹ́, ó mọ ojú wọn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òkun, ó ti rí i rí, omi náà ni. Ìgbà tó rò ó tán, ó ní, "Mo fẹ́ rí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn inú géèmù. Èyí tí èmi àti Kòkánjú kò rí ṣí."

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀ suu. Ó kọ́kọ́ rò pé oògùn tí wọ́n kán sí i lójú ti gun orí ni. "Mọ́mì. Géèmù?"

"Géèmù ni mo wí. Etí ẹ kọ́ ló ń dun ẹ́. Pe àbúrò mi fún mi."

Kòkánjú tó ń wí yìí, awakọ̀ àjàgbé ni. Ìyá wọn ló fún un ní ìnagijẹ náà láti kékeré, torí bí wọ́n bá rán an lọ ra iyọ̀ láàárọ̀, ọbẹ̀ á ti tutù kó tó gbé iyọ̀ dé. Àwọn tó ń fún un lẹ́rù kó kì í tètè mọ̀ pé ó máa ń falẹ̀, àfi ìgbà tí ẹrù bá ti wà lórí ọkọ̀ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹrù kankan kò tíì fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bú u, tí wọ́n tún ń pè é padà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé fóònù sí ìyá rẹ̀ létí, ohùn Kòkánjú wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, bí ẹni ń sọ iye ọ̀pá tí aṣọ máa gbà. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó fẹ́.

Ẹ́ńjìnnì náà kú. Kòkánjú ti dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọmọ mi ní kí n dà á nù, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ da èmi nù ná."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

"Mo ń bọ̀ kíákíá."

"Ìyẹn ni pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Ìyá Aránṣọ wí, ó sì gbé fóònù padà fún ọmọ rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ géèmù yìí má baà sọnù, báyìí ló rí. Ilé gàgàrà kan ni, tó ga wọ inú sánmà lọ. Yàrá kan ṣoṣo ló máa ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin kékeré kan tí kò ju èékánná lọ wà nínú rẹ̀, ó gbé fìtílà dání. Alátùpà ni Ìyá Aránṣọ àti Kòkánjú sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, torí lẹ́tà tí wọ́n kọ sára káséètì géèmù náà, ti ilẹ̀ òkèèrè ni, kò sí ẹni tó lè kà á nínú ilé wọn, nígbà tó sì yá, àtàǹpàkò ti nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ Alátùpà ni kó gun ilé náà dé òkè. Á fò, á gun àkàbà, á ti àpótí, á dúró lé òkúta pẹlẹbẹ kan kí ilẹ̀kùn kan tó ṣí. Ibi gbogbo ló ní bó ṣe jẹ́, àfi kí èèyàn jókòó kó ronú. Bí Alátùpà bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó kú nìyẹn. Á tún dìde lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà bí ẹni tó jí lójú oorun. Bó bá sì ti dìde báyìí, àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èéfín, á máa ṣe gbogbo ohun tí Alátùpà ṣe kó tó kú. Á fò níbi tó ti fò, á ṣubú níbi tó ti ṣubú. Wọ́n pe ìyẹn ní Aláwòkọ. Wọ́n rò pé ẹni tó ṣe géèmù náà fi í síbẹ̀ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni, kí èèyàn lè máa wo òmùgọ̀ ara rẹ̀.

Páàdì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń darí Alátùpà ló wà. Ìyá wọn kò fẹ́ràn ariwo, ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà wọlé ló ti dá òfin sílẹ̀: ẹni tó bá kú, kó gbé páàdì fún èkejì, kó má sì janpata. Òfin náà paná ìjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ikú dun àwọn ọmọ náà dé egungun. Ẹni tí páàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kú rárá. Kòkánjú a máa rìn bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, kó lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa fò bí tata, ṣùgbọ́n á ti wo ibi tí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ sí kó tó fò. Wọ́n di ọ̀gá nínú àìkú.

Géèmù náà kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ká fi nǹkan pamọ́. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá gòkè dé ibi gidi, wọn kì í pa á. Wọ́n á fi gèlè bò ó kí ìyá wọn má baà rí iná pupa kékeré ara rẹ̀, wọ́n á sì lọ sílé ìwé. Gbogbo ọ̀sán ni ọkàn wọn á wà lábẹ́ gèlè yẹn.

Yàrá kan wà lápá òkè tí wọ́n ń pè ní Yàrá Omi. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀kùn ńlá kan wà lápá ọ̀tún, ó dúdú, ó ga débi pé Alátùpà dà bí kòkòrò níwájú rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ tó ń ṣí i wà lápá òsì lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀. Bí Alátùpà bá dúró lé òkúta náà, ilẹ̀kùn á ṣí. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ilẹ̀kùn á tì. Kò sí àpótí kankan nítòsí tí èèyàn lè tì lé e. Bó bá sì ti wọ yàrá náà ni omi á ti máa sun láti ìsàlẹ̀, á máa ga bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí yóò fi bo gbogbo ibẹ̀.

Báwo ni ẹnì kan ṣe máa dúró lápá òsì, kó tún gba ọ̀tún kọjá? Wọ́n gbìyànjú títí. Wọ́n á tẹ òkúta, wọ́n á sáré bí ẹni tí oyin ń lé, ilẹ̀kùn á tì mọ́ wọn lójú, omi á sì gbé wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀kùn náà á kàn dédé ṣí díẹ̀, á tún tì, láìjẹ́ pé Alátùpà ti sún mọ́ òkúta. Wọ́n ní ó ń mí ni. Kòkánjú bẹ̀rù rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti mí, á fi ọwọ́ bo ojú, á máa gba àárín ìka wò ó.

Bí ó ṣe di pé wọ́n dàgbà nìyẹn. Kòkánjú lọ kọ́ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó sin ọkọ, ó rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ fún àwọn ẹlòmíràn láti fi lọ síbi ayọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tó bá ń rán aṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ maṣíìnì, á dédé rántí ilẹ̀kùn yẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà wo ló máa ń sọ irú rẹ̀?

Kòkánjú dé lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó páàkì tírélà sí iwájú ilé, gbogbo àdúgbò kò rí ojú oòrùn mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà bọ̀ lápá bí ìkókó. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí nọ́ọ̀sì gbé kọ́ ara ògiri kò ní ihò tí wáyà àtijọ́ náà lè wọ̀, ni Kòkánjú bá lọ yá tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Eruku irun wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tàn án, ó ń rùn bí ìgbà tí irun orí bá ń jó.

Kòkánjú yọ káséètì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó tì í bọlé. Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Lẹ́yìn náà, dídúdú náà di àwọ̀ aró, ó ń tàn láti inú lọ́hùn-ún, Alátùpà sì yọ, ó gbé fìtílà rẹ̀ dání.

Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ti gbàgbé pé ó lẹ́wà tó báyìí. Àwọn ọmọdé ò mọ ẹwà, wọ́n kàn ń sáré kọjá níbẹ̀ ni. Iná fìtílà náà ń mì díẹ̀díẹ̀ lára ògiri. Láti ojú wíńdò kékeré kan, ìràwọ̀ ń hàn.

Ó fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́ kàn án. Ibi tó kù fún un láti fi ríran kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ. Bó bá wo Alátùpà, kò rí ilẹ̀kùn. Bó bá wo ilẹ̀kùn, Alátùpà ti sọnù.

Ó ní, "Kòkánjú, jókòó síbí. Ìwọ lo máa jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú mi. Ohun tó bá ń bọ̀ lọ́tùn-ún, sọ ọ́. Ohun tó bá ń bọ̀ lósì, sọ ọ́. Má sì fi falẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa ta á, kí ẹ máa wò."

"Ṣé ìwọ lo máa tún rí i fún mi ni? Òfin ìyá wa ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kú, kó gbé páàdì sílẹ̀."

"Ọwọ́ yín á ti le."

"Ọwọ́ ta? Ọwọ́ tó ń rán aṣọ ìyàwó. Jókòó jẹ́ẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ le lóòótọ́ ní ọjọ́ kìíní. Alátùpà kú ikú àbùkù níbi tí ọmọ ìkókó kò lè kú sí. Kòkánjú gba páàdì, òun náà kú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀sán, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Kì í ṣe inú orí ló ti ń wá, inú àtàǹpàkò ni. Wọ́n á wọ yàrá kan, orí wọn kò ní mọ ohun kan nípa rẹ̀, àtàǹpàkò á sì ti máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ń ba Ìyá Aránṣọ lẹ́rù díẹ̀. Ọmọdébìnrin tó ti jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà lọ́hùn-ún, ibo ló ti wà láti ọjọ́ yìí wá, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe pè é báyìí ló jẹ́?

"Ọ̀tún, àdán ń bọ̀," Kòkánjú á wí.

"Mo ti gbọ́."

"Ó ti kọjá."

"Ìgbà tó ti kọjá lo sọ pé ó ń bọ̀."

Wọn kò pa ẹ̀rọ náà. Lálẹ́, nọ́ọ̀sì á gbé fáànù kọjú sí i kó má baà gbóná jù. Ó ń bú wọn, ó ní ilé òun ti di ilé ọmọ aláìgbọràn méjì, ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà ló máa ń bèèrè pé, "Ibo lẹ dé?"

Nǹkan kan wà tí Ìyá Aránṣọ kò sọ fún wọn. Ẹnu ife tó fi ń ríran ti ń di ẹnu ìgò. Ní òwúrọ̀ kan, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, imú nìkan ló rí. Ó sọ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé kí àwọn ṣáà tètè dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn náà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dé Yàrá Omi.

Ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀, dúdú, gàgàrà, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Kòkánjú, tí irun rẹ̀ ti funfun, fẹ́ gbé ọwọ́ bo ojú, ó wá rántí pé àgbàlagbà lòun.

Páàdì wà lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ. Ó sọ Alátùpà kalẹ̀ lọ sápá òsì, ó dúró lé òkúta pẹlẹbẹ. Ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tó ṣí lápá ọ̀tún, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé. Tẹ́lẹ̀ rí, á ti ki eré mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n báyìí, kò rí àkàbà tó máa gùn padà. Ó dúró.

"Àkàbà dà?"

Ojú Kòkánjú wà lára ilẹ̀kùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí nínú ayé rẹ̀ tí ilẹ̀kùn náà máa ṣí gbàgàdà tí kò tì. Ó ti na ọrùn síbẹ̀, ó fẹ́ yọjú wo inú rẹ̀.

"Kòkánjú, àkàbà dà?"

"Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́... Omi."

"Omi ńkọ́?"

"Omi ti bò yín."

Lóòótọ́ ni. Fìtílà kékeré náà ṣẹ́jú nínú omi, ó kú.

Ìyá Aránṣọ gbé páàdì lé e lórí itan. "O pa mí. Ká ní ìyá wa wà níbí ni, ǹ bá fi ẹjọ́ ẹ sùn."

"Ẹ má bínú. Ilẹ̀kùn yẹn ló gbé mi lójú lọ."

Alátùpà dìde lẹ́nu ọ̀nà. Aláwòkọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rìn lọ sápá òsì, bí Ìyá Aránṣọ ṣe rìn, pẹ̀lú ìkọsẹ̀ kékeré tó kọ níbi àtẹ̀gùn. Ó dé orí òkúta pẹlẹbẹ. Ó dúró.

Ilẹ̀kùn ńlá ṣí.

Aláwòkọ kò kúrò. Kò níbi tó ń lọ, torí ẹni tó ń wò kọ kò lọ síbì kankan. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ gbàgàdà, kò sì tì.

Kòkánjú rí i. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ lé ẹyẹ, "Ẹ̀gbọ́n. Aláwòkọ ni. Òun ló dúró lé e."

Ìyá Aránṣọ yí orí díẹ̀díẹ̀ láti òsì lọ sọ́tùn-ún kó lè rí i, òkúta, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà òkúta. Ìgbà yẹn ló yé e. Ilẹ̀kùn náà kò mí rí. Àwọn fúnra wọn ni. Nígbà tí wọ́n bá tẹ òkúta tí wọ́n sáré kúrò, Aláwòkọ náà á tẹ̀ ẹ́, á sáré kúrò. Bí wọ́n ṣe ń kánjú ni òun náà ń kánjú. Ohun tí yàrá náà ń bèèrè kò ju pé kí ẹnì kan dúró, kó jẹ́ kí omi bo òun, kí ẹlòmíràn lè kọjá. Nínú ilé wo ni ìyẹn ti lè ṣòro ju ilé tí ẹni tó bá kú ti máa gbé páàdì sílẹ̀? Kò sí èyí tó fẹ́ dúró nínú wọn. Wọ́n mọ àìkú jù.

"Wọlé," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Kí lò ń wò? Wọlé."

Ṣùgbọ́n Kòkánjú ti gbàgbé páàdì sọ́wọ́. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn, omi ti dé orúnkún Alátùpà, nígbà tó fi dé ìdajì ọ̀nà, omi ti gbé e.

Kò sí ẹni tó bú u. Ó gbé páàdì padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aláwòkọ tó jáde báyìí, ìrìn Kòkánjú ló ń rìn, kò wúlò fún nǹkan kan. Àfi kí Ìyá Aránṣọ tún lọ dúró.

Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé ní àsìkò yẹn, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó rí i pé ìyá òun gbé Alátùpà sí orí òkúta, tí kò mira. Omi ń bọ̀.

"Mọ́mì, omi. Ẹ sá."

"Mo rí i."

"Ó ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ ń wò ó?"

"Fi ìyá ẹ sílẹ̀," Kòkánjú wí.

Ó rọrùn láti sọ. Àtàǹpàkò Ìyá Aránṣọ kò gbà. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó sá, ó ń fẹ́ sá. Ó yọ ọ́ kúrò lórí páàdì, ó fi di ọwọ́ kejì mú. Omi dé àyà ọkùnrin kékeré náà. Omi dé ọrùn rẹ̀. Ó gbé fìtílà náà sókè, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè gbé e sókè bẹ́ẹ̀, torí wọn kò dúró pẹ́ tó rí láti rí i. Fìtílà náà tàn lórí omi fún ìṣẹ́jú àáyá, ó sì kú.

"Gbà," ó wí, ó gbé páàdì fún àbúrò rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," nọ́ọ̀sì wí, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́rùn, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kánjú lónìí nìkan. Ẹ máa bá ìnagijẹ yín lọ lọ́la."

Kòkánjú kánjú. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní gbà á gbọ́. Aláwòkọ lọ sósì, Alátùpà gba ọ̀tún, ó fò, ó gun àkàbà, omi ń lé e, ó fò, ilẹ̀kùn ńlá náà ṣí sílẹ̀ bí ẹnu òwúrọ̀, ó sì wọ inú rẹ̀.

Gbogbo tẹlifíṣọ̀n ṣú.

Lẹ́yìn náà ni orin kan bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò gbọ́ rí. Alátùpà wà lórí òrùlé ilé gàgàrà náà, nínú sánmà, ìràwọ̀ lókè, ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kòkánjú gbé páàdì sílẹ̀. Ó rí bí sánmà náà ṣe fẹ̀ tó, ọkàn rẹ̀ já. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè gba ìyẹn. Ìràwọ̀ bíi mélòó kan nìkan ló máa rí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín," ó wí.

"Má sọ ọ́."

Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Alátùpà, tí kò ju èékánná lọ tẹ́lẹ̀, di èérún ìmọ́lẹ̀ lásán. Òrùlé yọ, lábẹ́ òrùlé ni Yàrá Omi yọ, lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn yàrá mìíràn, ọ̀kan lórí èkejì, gbogbo ibi tí wọ́n ti gbà kọjá. Ilé náà ń kéré bọ̀, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀, ó ń sún bọ̀ wá sí àárín tẹlifíṣọ̀n, títí gbogbo rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ dé orí, fi dúró síbẹ̀ bí igi ìṣáná kan láàárín òkùnkùn. Nínú wíńdò kọ̀ọ̀kan, iná fìtílà ń rìn. Àwọn Aláwòkọ ni. Gbogbo bí wọ́n ṣe rìn ní yàrá kọ̀ọ̀kan, gbogbo bí wọ́n ṣe kọsẹ̀, gbogbo bí wọ́n ṣe fò, wọ́n ń ṣe é lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́jú. Ó fẹ́ bèèrè bóyá ó ń rí i, ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè bèèrè.

Ìyá Aránṣọ gbé ìka sókè. Ó fi kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n náà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Yàrá àkàbà tó fọ́. Kòkánjú ló gbà á." Ó gbé ìka sókè díẹ̀. "Yàrá àdán. Èmi ni." Ó tún gbé e sókè. "Ibi tí àpótí ti há. Wò ó, ó ṣì ń tì í." Bẹ́ẹ̀ ló ń gun ilé náà lọ lókè, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, kò fo ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn, ó gbé orí ti èjìká rẹ̀, ó ń wo ibi tí ìka ń lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè, ìka náà dúró. Nínú wíńdò kan tí kò ju orí pínnì lọ, fìtílà kan kò rìn. Ó dúró jẹ́ẹ́ lápá òsì, omi ń ga bọ̀ lára rẹ̀, èkejì sì ń sáré lọ sápá ọ̀tún.

"Ẹ̀yin nìyẹn," Kòkánjú wí.

"Mo rí i," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀.